Ohun Tí Ọkùnrin Ń Sọ sí Apòògùn Létí

Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ apòògùn ní Mọ́kọ́lá, n'Íbàdàn, ní 1985, àtọ̀sí ló ń gbé àwọn ọkùnrin wá jù. Ẹni tí ìtọ̀ ń ta á lójú ara yóò dúró títí àwọn oníbàárà yòókù á fi lọ, kó tó rọra béèrè tetracycline, kóró pupa àti yẹ́lò. Bí ara bá ti tù ú díẹ̀, ó di kó pa ìyókù tì. Bẹ́ẹ̀ ni àtọ̀sí ṣe di ohun tí oògùn náà ò ràn mọ́. Lónìí, àyẹ̀wò ló kàn, tọkọtaya ló sì gbọ́dọ̀ jọ gbàtọ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọ́n á tún kó o ran ara wọn.

Ọdún 1998 ni ọjà yí padà. Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Viagra, oògùn tí Pfizer kọ́kọ́ ń dán wò fún àyà dídùn. Àwọn tó ti ń mu paraga, tí wọ́n ní jẹ̀díjẹ̀dí ló dá àwọn lágara, bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Ayédèrú náà dé kíá. Lẹ́yìn ìyẹn ni Tramadol, oògùn ìrora tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé mì kí wọ́n lè pẹ́ lórí obìnrin, tó sì ń di bárakú.

Èmi kì í ta Viagra kí n tó bi wọ́n léèrè.

“Ọmọ mi, fún mi ní èyí tó lágbára.”

“Bàbá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò ná.”

Ìdí ni pé iṣan ẹ̀jẹ̀ nǹkan ọkùnrin kéré ju ti ọkàn lọ, òun ló sì máa ń kọ́kọ́ dí. Ìtọ̀ ṣúgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ló sábà máa ń fara pa mọ́ sábẹ́ àìle nǹkan ọkùnrin. Ẹni tó bá sì ń lo oògùn nitrate fún ọkàn, tó wá gbé Viagra lé e, ó lè kú.

Ẹ̀yin ọkùnrin, bí nǹkan yín bá kọ̀ tí kò le fún oṣù mẹ́ta, ẹ lọ rí dókítà. Bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú ìtọ̀, ẹ má fi dọ̀la. Bí kóró ẹpọ̀n bá ṣàdédé ń ro yín gan-an, wákàtí mẹ́fà péré lẹ ní kó má baà bàjẹ́. Bí nǹkan yín bá sì le tí kò rọ̀ lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbà lọ, kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù mi.