Iyọ̀ Nínú Omi Ẹja Ilé

Ẹ̀yin òbí, ṣé ẹ mọ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ lè gba ẹja omi dídùn là? Ní ilé wa ní Yábà, àwọn ọmọ ń sin ẹja sínú àpótí onígíláàsì tó ń gba omi lítà 40. Ní ọjọ́ kan, àmì funfun wínníwínní bo àwọn ẹja náà lára, àbíkẹ́yìn wa kò sì lè jẹun alẹ́.

Iyọ̀ ni a lò. (A kò pe ara wa ní Èlíṣà o!) Iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja ju ti inú omi rẹ̀ lọ, nítorí náà omi ń wọ inú rẹ̀ ṣáá, ó sì ń ṣe làálàá láti tọ̀ ọ́ jáde. Iyọ̀ díẹ̀ a máa dín làálàá yìí kù fún aláìsàn. Kòkòrò tó ti wọ abẹ́ awọ ẹja kò gbọ́ tirẹ̀. Èyí tó bọ́ sínú omi ló ń pa, ìdí nìyẹn tó fi gba sùúrù.

Gíráàmù 2 sí lítà 1 ni a lò. A kọ́kọ́ yọ́ ọ nínú ife, a sì dà á sí i díẹ̀díẹ̀ fún ọjọ́ 2. A ti kó ewéko kúrò, nítorí iyọ̀ a máa pa á.

Ẹ kíyè sí èyí: bí oòrùn bá fa omi, iyọ̀ kì í bá a lọ. Ẹ fi omi lásán dí i. Ìgbà tí ẹ bá bu omi àtijọ́ dànù nìkan ni iyọ̀ ń dín kù.