Nígbà Tí Àgbẹ̀ Ṣì Ń Bi Ìjọba Léèrè

Ẹni tí wọ́n bá bí sí abà kòkó ní ìhà Àkáńrán mọ òórùn tí mò ń wí: òórùn kòkó tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́, tí a kó sínú agbọ̀n, tí a fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò mọ́lẹ̀ fún bí ọjọ́ márùn-ún tàbí mẹ́fà títí yóò fi kan, tí omi dídùn ara rẹ̀ yóò fi ṣàn tán, tí eṣinṣin yóò máa kùn lórí rẹ̀, kí a tó wá tú u sórí ẹní kí oòrùn gbà á. Àwa ọmọdé la ń sá kòkó, àwa la ń fi ẹsẹ̀ rò ó, àwa náà la sì ń sáré palẹ̀ rẹ̀ mọ́ bí òjò bá ṣú, nítorí kòkó tí òjò bá pa yóò bu, kòkó tó bá sì bu, owó rẹ̀ á wálẹ̀, owó ilé-ìwé, owó aṣọ ọdún, owó páànù tí bàbá fẹ́ fi kan ilé, gbogbo rẹ̀ á sì bá a lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ bá dé, tí kòkó bá gbẹ tó ń dún wóró-wóró nínú àpò, àwọn gírédà á wá. Wọn á bu ẹ̀kúnwọ́, wọn á fi ọ̀bẹ la wóró rẹ̀ sí méjì, wọn á yẹ inú rẹ̀ wò, wọn á wá sọ irú èyí tó jẹ́. N kò níí bu iyì èké fún ìgbà náà. Gírédà tó ń gba adìyẹ kó tó kọ nọ́ńbà sára àpò wà, ẹni tó ń ra kòkó tó ti fi ọwọ́ kan òṣùwọ̀n rẹ̀ wà, àgbẹ̀ tó ti jẹ owó kòkó ọdún tó ń bọ̀ kí igi tó yọ òdòdó náà wà. Láti 1947 ni ìjọba òyìnbó ti dá Bọ́ọ̀dù sílẹ̀ tí yóò máa ra kòkó, nígbà tó sì di 1954, iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tó fi Ìbàdàn ṣe ibùjókòó. Bọ́ọ̀dù ló ń dá iye tí àgbẹ̀ yóò gbà, iye náà kì í sì í tó èyí tí wọ́n ń tà á fún òyìnbó. Èyí tó lé, ọwọ́ ìjọba ló ń wà.

Bàbá mi mọ̀ bẹ́ẹ̀. Kò mọ ìwé kà, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé wọ́n ń yọ nínú owó òun, ó sì mọ ẹni tí òun lè bi. Ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ti gbọ́ iye kòkó lórí rédíò, òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á jókòó sábẹ́ igi odán, wọn á mu ẹmu, wọn á fẹnu họ ọ̀rọ̀ náà títí igbe adìyẹ yóò fi sọlẹ̀. Tí kánsẹ́lọ̀ bá wá sí abà, kò níí rí omi tútù mu kó tó dáhùn. Wọn á ní, "Ẹ gba owó wa, ẹ wí fún wa ohun tí ẹ fi ṣe." Kánsẹ́lọ̀ náà sì ní ohun tó lè nàka sí. Ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kìíní 1955, èmi àti àbúrò mi sì wà nínú àwọn tó jẹ ẹ́. Ilé tẹlifíṣàn dé Ìbàdàn ní 1959. Ilé Kòkó ga sókè ní Dùgbẹ̀ ní 1965, bàbá mi sì lọ dúró nísàlẹ̀ rẹ̀ nínú agbádá òfì rẹ̀, ó gbójú sókè títí fìlà fi fẹ́ já bọ́ lórí rẹ̀, ó ní, "Iṣẹ́ ọwọ́ mi wà nínú ìyẹn." Àwọn olóṣèlú náà fi ọwọ́ bọ inú owó náà fún ẹgbẹ́ wọn, ìgbìmọ̀ ìwádìí Coker sì tú u síta ní gbangba ní 1962. Olè wà, ṣùgbọ́n olè tó mọ̀ pé wọ́n lè pe òun síwájú ènìyàn kì í jí bíi ti ẹni tí kò rí ẹni tí yóò pè é.

Nígbà tó di oṣù Kìíní 1966, sójà gba ìjọba. Ní Ìbàdàn wa níbí náà ni wọ́n ti mú Fájuyì, gómìnà wa, àti àlejò rẹ̀, Ironsi, olórí ìjọba, lọ ní oṣù Keje ọdún kan náà, a kò tún rí wọn láàyè mọ́. Lẹ́yìn náà ni ogun abẹ́lé dé. Owó kòkó kò dára, owó orí sì ń gun òkè, àwọn agbowó orí sì ń wọ abà ní fẹ̀ẹ̀rẹ̀ òwúrọ̀ pẹ̀lú ọlọ́pàá àti akódà. Mo ti di ọ̀dọ́bìnrin nígbà náà, mo ti ń kọ́ni, ṣùgbọ́n tí mo bá wá sí abà lákòókò ìsinmi, mo ń rí àwọn ọmọ kéékèèké tí wọ́n fi sí ẹnu ọ̀nà láti súfèé bí wọ́n bá rí ẹni tó wọ ṣòkòtò kákí. Súfèé náà á dún, àwọn ọkùnrin tó tó bàbá ẹni, tó ti ń hewú, á sì wọ igbó lọ láìrí bàtà wọ̀. Bàbá mi ń tọ́jú ìwé owó orí rẹ̀ sínú agolo tábà kan, ó so okùn mọ́ ọn, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀. Ó ti san tirẹ̀, ó sì tún ń sá, nítorí wọ́n lè ya ìwé náà mọ́ ọn lójú.

Ohun tó bí Àgbẹ̀kọ̀yà nìyẹn. Ní ìparí 1968 ni àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ lọ sí gbọ̀ngàn Mápó ní Ìbàdàn, wọ́n ní owó orí náà pọ̀ jù, wọ́n ní ọ̀nà abà kò ṣeé gbà, wọ́n ní kí wọ́n kó àwọn agbowó orí kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ìbọn dáhùn. Ẹ̀jẹ̀ ṣàn ní ìhà méjèèjì, mi ò sì níí bò ó mọ́lẹ̀ pé wọ́n pa Ṣọ̀ún Ògbómọ̀ṣọ́ nínú rògbòdìyàn náà ní 1969, ọ̀ràn tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ sí ọba nílẹ̀ Yorùbá. Àwọn àgbẹ̀ já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Níkẹyìn, Awólọ́wọ̀, olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, fúnra rẹ̀ lọ bá Tàfá Adéoyè, olórí wọn, sọ̀rọ̀, ìjọba sì dín owó orí kù. Àgbẹ̀ lásán, tó ní àdá àti ìbọn ṣakabùlà, mú ìjọba ológun jókòó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó fún wọn lágbára: ìjọba ṣì nílò owó wọn.

Epo rọ̀bì ló tú okùn yẹn. Ogun parí ní 1970, owó epo bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé wìtìwìtì, nígbà tó sì fi di àárín àwọn ọdún náà, nínú náírà mẹ́wàá tí orílẹ̀-èdè ń rí láti òkè òkun, ó ju mẹ́sàn-án lọ tó jẹ́ ti epo. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi àgbẹ̀ ṣe? Kí ni wọ́n fẹ́ bá a jókòó sọ? Ẹni tí kò jẹun lọ́wọ́ rẹ kò níí bẹ̀rù ìbínú rẹ. Wọ́n ń sọ fún ara wọn pé owó kì í ṣe ìṣòro Nàìjíríà, bí kò ṣe bí wọn yóò ṣe ná an. Wọ́n sì ná an. Wọ́n ra sìmẹ́ǹtì nǹkan bíi mílíọ̀nù 20 tọ́ọ̀nù, nígbà tí èbúté Èkó kò lè gbà ju bíi mílíọ̀nù kan lọ́dún. Ní 1975, ọkọ̀ ojú omi tó ju ọgọ́rùn-ún mẹ́ta lọ tò sójú òkun, sìmẹ́ǹtì ń dì nínú wọn, Nàìjíríà sì ń san owó ìdádúró fún wọn lójoojúmọ́. Ta ni wọ́n bi? Ilé aṣòfin wo ló pe ta ni? Kò sí. Sójà ló pàṣẹ, sójà kan náà ló sì tún ń gbé e yẹ̀wò.

Lọ́dún náà ni wọ́n san àfikún owó oṣù tí a ń pè ní owó Údójì fún àwa òṣìṣẹ́ ìjọba, tí wọ́n san án láti ẹ̀yìn wá ní ìdì kan. Gbági kún, Kingsway kún, rédíò tuntun, alùpùpù tuntun, léèsì, gèlè. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gààrí àti ẹran ti gbówó lórí, àwọn tí kò jẹ owó Údójì, bíi ìyá mi tó ń ta ẹ̀kọ, ló sì san án. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin fi abà sílẹ̀ lọ sí Èkó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìrẹsì òkè òkun dé, ó funfun, kò ní òkúta, ó sì pọ́ọ́kú ju iṣu bàbá mi lọ nítorí pé wọ́n ń fi náírà gíga rà á. Igi kòkó tí bàbá mi gbìn kí wọ́n tó bí mi darúgbó, àfòmọ́ bò ó, kò sí ọwọ́ tí yóò tún un gbìn. Orílẹ̀-èdè tó ṣe ìkejì Ghana nínú kòkó ní gbogbo ayé nígbà kan jókòó ó ń wo bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń kọjá rẹ̀.

Àwọn alágbádá tó dé ní 1979 kò sàn. Wọ́n jẹ, wọ́n jẹ títí wọ́n fi jẹ àwo, nígbà tí sójà sì tún padà ní òpin 1983, àwọn ènìyàn jó ní Bẹẹrẹ, wọ́n jó ní Mókọ́lá. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dáyé nígbà náà, tí ẹ ń sọ lónìí pé sójà ló lè tún ìlú yìí ṣe, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fetí sílẹ̀.

Mílíìkì, ṣúgà, ọṣẹ àti òróró di ohun tí ènìyàn ń tò fún láti aago mẹ́rin àfẹ̀mọ́júmọ́. Mo wà lórí ìlà lọ́jọ́ kan ní 1984, níwájú ilé ìtajà kan ní Dùgbẹ̀. Obìnrin arúgbó kan wà níwájú mi, ó di ìborùn mọ́ ìdí, agolo òfìfo méjì wà lọ́wọ́ rẹ̀, oòrùn ti mú un. Ó jáde lórí ìlà díẹ̀ kó lè fẹ̀yìn ti ògiri. Sójà kan tí irùngbọ̀n kò tíì hù lágbọ̀n rẹ̀ fi kòbókò fà á lẹ́yìn, ó ní kó padà sórí ìlà, ó ní ìwà ọmọlúwàbí làwọn ń kọ́ wa. Àwa tó wà níbẹ̀ lé ní àádọ́ta, a kò gbin. Ìyá náà padà síbi tó wà, ó ń mi, ó di agolo rẹ̀ mú. Ọmọ tó lè bí ló nà án. Mo ti kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ní kíláàsì.

Lọ́dún yẹn kan náà, wọ́n yí àwọ̀ náírà padà, wọ́n sì fún wa ní ọjọ́ díẹ̀ láti pààrọ̀ rẹ̀; àwọn ìyá olọ́jà tí owó wọn wà nínú ìkòkò sáré títí, àwọn kan kò bá a. Wọ́n ṣe òfin pé oníwèé ìròyìn tó bá kọ ohun tó dójú ti ìjọba yóò ṣẹ̀wọ̀n, wọ́n sì fi Tunde Thompson àti Nduka Irabor sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Ilẹ̀ dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ ni owó ti ń jáde láti ẹ̀yìnkùlé.

Sáápù, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé ìjọba, dé ní 1986. Ní ọdún tó ṣáájú rẹ̀, náírà kan ṣì ju dọ́là kan lọ; nígbà tó fi di 1993, ní báńkì ìjọba gan-an, náírà 22 ni dọ́là kan. Wọ́n pa Bọ́ọ̀dù rẹ́, owó kòkó sì fò sókè lójijì, ṣùgbọ́n ta ló kù ní abà tí yóò jẹ ẹ́? Àwọn tí kò mọ kòkó yàtọ̀ sí obì wá ń rà á kiri, wọ́n ń ra tútù, wọ́n ń ra bíbu, orúkọ rere tí kòkó wa ní lọ́dọ̀ òyìnbó sì bàjẹ́. Àwa olùkọ́ ń lọ oṣù méjì, mẹ́ta, láìgba owó. Olùkọ́ ń ta súwẹ́ẹ̀tì nínú kíláàsì, dókítà ń lọ sí Sọ́ọ́dì, gbogbo ohun tí a ń rà tuntun tẹ́lẹ̀ di tòkunbọ̀. Bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa Dẹ̀lé Gíwá, akọ̀ròyìn, nínú ilé rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá ọdún tí Sáápù dé.

Júùnù 12, 1993, a tò, a dìbò yan Ààrẹ wọ́ọ́rọ́wọ́, láìsí ìjà. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí sójà fi pa ìbò náà rẹ́. Wọ́n pa Kúdírátù, ìyàwó Abíọ́lá tó wọlé ìbò náà, lójú títì Èkó ní 1996, Abíọ́lá fúnra rẹ̀ kú ní àhámọ́ ní 1998, oṣù kan lẹ́yìn tí Abacha, olórí ìjọba sójà, kú. Lẹ́yìn ikú Abacha ni a gbọ́ nípa àwọn owó tó kó pamọ́ sí Switzerland àti ibòmíràn, tí wọ́n ṣì ń dá padà fún wa díẹ̀díẹ̀ títí di ìgbà tí irun mi fi funfun. Nígbà tó ń kó o, orí ìlà epo bẹntiróò là ń sùn sí, ní orílẹ̀-èdè tí epo ti ń jáde nílẹ̀.

Sójà ti lọ láti 1999. Síbẹ̀ bí sójà ṣe ń pàṣẹ fún wa náà ni àwọn alágbádá ṣì ń pàṣẹ. Ní 29 oṣù Karùn-ún 2023, ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu Ààrẹ tuntun lórí pèpéle ìbúra, owó ìrànwọ́ orí epo lọ, kí ọ̀sẹ̀ sì tó parí, bẹntiróò tí kò tó náírà 200 lítà kan ti dé nǹkan bí 500. Bóyá ó yẹ kó lọ. Olè pọ̀ nínú owó náà. Ṣùgbọ́n àwọn tí yóò san án, ta ló jókòó bá wọn sọ̀rọ̀? Dọ́là kan sì ti ju ẹgbẹ̀rún náírà lọ báyìí.

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ gbọ́n jù wá lọ nínú ohun púpọ̀, ẹ ní fóònù tí gbogbo ayé wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rí yín nígbà tí síréènì gómìnà bá ń bọ̀, ẹ ń sá sínú gọ́tà, ẹ tún ń júwọ́. Mo rí yín ní ọjọ́ ìbò, owó kékeré àti kóńgò ìrẹsì kan ti tó. Láìpẹ́ yìí, ọmọkùnrin kan tó ń gbé ní àdúgbò wa wá jókòó tì mí, ó bú Ààrẹ, ó bú gómìnà, gbogbo ohun tó sọ ló sì jẹ́ òtítọ́. Mo bi í léèrè orúkọ kánsẹ́lọ̀ wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mààmá, kí ni ẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?" Mo ní ọ̀nà abà bàbá mi ni mo fẹ́ béèrè, kànga àdúgbò tó ti gbẹ láti ọdún tó kọjá ni mo fẹ́ béèrè, àti owó tó ń wọ káńsù wa lóṣooṣù. Ó ní òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Mo sọ ọ́ fún un, mo sì júwe ilé rẹ̀.