Fóònù Ti Sùn, Èmi Ò Tíì Sùn

Tí èèyàn bá ń wo fíìmù lórí fóònù, fóònù yẹn kì í sùn. Fíìmù náà lè gba wákàtí méjì, kí ẹni tó ń wò ó má fi ìka kàn án lẹ́ẹ̀kan, ojú fóònù á ṣì máa tàn títí fíìmù á fi parí. Àmọ́ kí ẹni yẹn ṣí nóòtì Báyọ́lọ́jì lórí fóònù kan náà, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé rẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ sí í ya àwòrán ọkàn èèyàn. Kó tó ya yàrá méjì tó wà lókè tán, ojú fóònù á kọ́kọ́ ṣe bàìbàì, lẹ́yìn náà á ṣú dùdù. Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká mi lára láti táàmù tó kọjá. Nígbà tí mo sọ ọ́ ní kíláàsì, àwọn mẹ́rin ló ní bó ṣe ń ṣe àwọn náà nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ rò pé fóònù bàbá òun ti bàjẹ́ ni.

Kò bàjẹ́. Fóònù ò mọ̀ pé à ń kàwé ni. Ìka ló mọ̀. Tí ìka bá kàn án, ó gbà pé èèyàn wà níbẹ̀. Tí ìka ò bá kàn án fún ìwọ̀n àsìkò tí wọ́n dá fún un, ó gbà pé wọ́n ti gbé òun kalẹ̀, wọ́n ti bá tiwọn lọ, ló bá paná. Ẹ wá wò ó: ẹni tó ń fa TikTok sókè sódò, ìka rẹ̀ kì í sinmi, fóònù rẹ̀ ò lè sùn. Ẹni tó tẹjú mọ́ ìṣirò kan ṣoṣo fún ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń ronú, tó ń fi bírò ṣe é sínú ìwé, òun ni wọ́n ń paná mọ́ lójú. Bí èèyàn bá ṣe ń kàwé tọkàntọkàn tó, bẹ́ẹ̀ ni fóònù ṣe ń rò pé kò sí nílé.

Èwo wá ni ti fíìmù? Mo bi olùkọ́ tó ń kọ́ wa ní kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní ẹni tó ṣe áàpù ló máa sọ fún fóònù pé kó má sùn. Tó bá jẹ́ ti Android ni, ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń kọ sínú áàpù, FLAG_KEEP_SCREEN_ON lorúkọ ẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí bá ṣì wà lójú fóònù, iná ò ní kú. Wọ́n fi ìwé ìtọ́nisọ́nà tí Android ṣe fún àwọn tó ń ṣe áàpù hàn mí. Àpẹẹrẹ tí wọ́n mú síbẹ̀ ni géèmù àti fíìmù. Mo rẹ́rìn-ín. Wọn ò mẹ́nu ba ọmọ ilé-ìwé. Google Maps náà, tó bá ń júwe ọ̀nà fún awakọ̀, kì í paná, torí ọwọ́ awakọ̀ wà lórí sítíárì. Ọwọ́ tiwa náà wà lórí bírò, àmọ́ áàpù tí mo fi ń ṣí PDF lórí fóònù màmá mi ò rí tiwa rò.

Kì í sì ṣe ìwé nìkan o. Àwọn kwáyà wa tó ń fi fóònù kọrin, ẹsẹ kejì ni ojú fóònù máa ń ṣú mọ́ àwọn álítò lójú, wọ́n á wá máa kùn títí wọ́n á fi dé ègbè, torí ègbè nìkan ni gbogbo wọn mọ̀ sórí. Àǹtí kan ní àdúgbò wa tó ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe kéèkì, ìyẹ̀fun kún ọwọ́ wọn méjèèjì, imú ni wọ́n fi ń tẹ fóònù kó má baà sùn. Mo fojú ara mi rí i. Àwọn áàpù Bíbélì kan, àti àwọn áàpù ìwé kíkà mìíràn, ní ibi tí èèyàn ti lè sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kí iná kú. Inú Settings ti áàpù náà fúnra rẹ̀ ló máa ń wà, kì í ṣe ti fóònù. Ibẹ̀ ló yẹ ká kọ́kọ́ wò, torí ìgbà tí áàpù yẹn bá ṣí nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kò kan nǹkan yòókù.

Tí kò bá sí níbẹ̀, ó di ọ̀rọ̀ fóònù. Lórí Android, ẹ wọ Settings, ẹ wọ Display, ẹ ó rí Screen timeout. Àwọn fóònù kan ń pè é ní Sleep. Ìṣẹ́jú àáyá 30 ni ti màmá mi wà. Ó lè kéré dé 15, ó sì lè gùn dé ìṣẹ́jú 10. Lórí iPhone, Display & Brightness lẹ ó wọ̀ kí ẹ tó rí Auto-Lock. Ìyẹn bẹ̀rẹ̀ láti ìṣẹ́jú àáyá 30 títí dé ìṣẹ́jú 5, lẹ́yìn ìyẹn ló kan Never, pé kó má sùn rárá. Àmọ́ tí wọ́n bá ti tan Low Power Mode, iPhone á fà á padà sí 30 láì bi ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ń pariwo pé òun yí i tí kò yí, kó lọ wò ó bóyá àwòrán bátìrì tó wà lókè ti di yẹ́lò.

Ọ̀nà kan tún wà tí àwọn bọ̀ọ̀dá máa ń fi yangàn, Developer options. Wọ́n á tẹ Build number lẹ́ẹ̀meje, ibi tó pamọ́ á ṣí, wọ́n á tan Stay awake. Òótọ́ ni pé fóònù ò ní sùn mọ́, àmọ́ ìgbà tó bá wà lẹ́nu ṣáájà nìkan ni. Ní àdúgbò wa, tí iná bá máa ń wà lálẹ́ débi tí fóònù á fi wà lẹ́nu ṣáájà, bóyá mi ò ní máa kọ eléyìí. Àti pé nǹkan pọ̀ nínú ibẹ̀ tí kò yẹ kéèyàn máa tẹ̀ káàkiri. Fóònù tí kì í ṣe tèmi, mi ò lè débẹ̀.

Samsung ti gbìyànjú nǹkan mìíràn láti 2012, nígbà tí wọ́n gbé Galaxy S III jáde. Smart Stay ni wọ́n pè é. Kámẹ́rà iwájú á máa wò bóyá ojú èèyàn wà níwájú fóònù. Tó bá ti rí ojú, kò ní paná. Àwọn fóònù Pixel ti Google náà ní irú ẹ̀. Ọgbọ́n yìí wù mí gan-an, òun ló gbà pé ojú náà ń ṣiṣẹ́, kì í ṣe ìka nìkan. Àmọ́ kámẹ́rà nílò ìmọ́lẹ̀ kó tó lè rí ojú, inú òkùnkùn sì lèmi ti ń kàwé.

Màmá mi ló ni fóònù yẹn. Èlò ọbẹ̀ ni wọ́n ń tà, àwọn oníbàárà wọn tó ń fi owó ránṣẹ́ sí báǹkì sì ti pọ̀ ju àwọn tó ń mú owó wá lọ. Tí fóònù bá kú lọ́jà, tí ẹnì kan ní òun ti fi owó ránṣẹ́, wọn ò ní rí àlàátì, ẹni náà ò sì ní dúró. Ojú fóònù sì wà lára ohun tó ń jẹ bátìrì jù. Torí náà, owó ni ìṣẹ́jú àáyá 30 yẹn. Nígbà tí mo ní kí wọ́n jẹ́ ká gbé e sí ìṣẹ́jú 10, ohun tí wọ́n sọ ni pé, "Ṣé òkú fóònù ni kí n gbé lọ sọ́jà lọ́la?" Mi ò rí èsì fọ̀.

Títì tún wà níbẹ̀. Tí iná bá ti kú, fóònù ti tì nìyẹn. Báǹkì wọn wà nínú ẹ̀, wọn ò sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà tí wọ́n fi ń ṣí i, títí kan bàbá mi. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ti ń sùn, torí aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń jí. Màá gbé fóònù lọ bá wọn lórí ẹní, wọ́n á na àtàǹpàkò jáde láìlajú, màá gbé fóònù kàn án, á ṣí, màá padà sídìí iṣẹ́ mi. Lálẹ́ ọjọ́ tí mo ya ọkàn, ẹ̀ẹ̀mẹfà ni àtàǹpàkò yẹn jáde. Ní ìkẹfà wọ́n ní, "Ọmọ mi, ọkàn ta lò ń yà tí kò tán?"

Àárọ̀ ọjọ́ kejì la jọ jókòó ṣètò. Ìṣẹ́jú 10 lálẹ́, àmọ́ màá fa ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù wálẹ̀ títí á fi kù díẹ̀ tí mo lè fi ríran, màá sì pa dátà. Ẹnì kan ní kí n lo dark mode. Ìyẹn dáa fún fóònù tí ojú rẹ̀ jẹ́ OLED, torí níbi tó bá ti dúdú lójú ẹ̀, iná ibẹ̀ kú ni. LCD ni ti màmá mi, iná wà lẹ́yìn gbogbo ojú ẹ̀, ì báà dúdú, ì báà funfun. App pinning ló yanjú ti báǹkì. Inú Security ló wà lórí fóònù wọn. Wọ́n á so áàpù PDF mọ́ ojú fóònù, tí wọ́n bá sì ti yàn pé kó máa béèrè nọ́ńbà, èmi ò lè jáde kúrò nínú áàpù yẹn láìjẹ́ pé wọ́n tẹ̀ ẹ́. Àwọn fúnra wọn ló ń so ó kí wọ́n tó sùn. Lójú mi, inú wọn dùn sí èyí ju tèmi lọ.

Ní ìdájí, a ń dá a padà sí 30, èmi ni mo sì máa ń rán wọn létí. Fóònù tó wà ní ìṣẹ́jú 10 lọ́jà, tí wọ́n bá gbé e sórí igbá tòmátì tí wọ́n yíjú, ẹni tó bá mú un á bá gbogbo nǹkan ní ṣíṣí.

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, àwa tó ń gba fóònù òbí kàwé ò kéré. Tí ẹ bá lè tẹ ẹyọ kan péré jáde nínú àwọn àwòrán tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri kíláàsì, a lè yà á nígbà bíréèkì. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹni tí kò bá rí Screen timeout lórí fóònù ilé wọn, kó wá bá mi ní SS2. Kó má gbé fóònù wá o, ẹ mọ òfin ilé-ìwé wa. Kó kọ orúkọ fóònù náà sínú bébà, màá sọ ibi tó máa wà fún un.