A Ti Apòmù Lọ Jẹun ní Ìbàdàn

Ìrìn àjò kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín lónìí. Ìrìn náà kò jìn, àmọ́ 40 ọdún ni ó gbà wá kí a tó rìn ín.

Ọmọ Ìkirè ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ Apòmù ni ìyàwó mi, Ìyá Ìbejì. Ìlú méjèèjì kò jìnnà sí ara wọn rárá, ṣùgbọ́n ẹ má bá ará Apòmù jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ọjà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 19, ọjà Apòmù ni ará Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Òwu àti Ìjẹ̀bú ti ń pàdé. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921 pé ìjà tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ lórí ataare wà nínú ohun tó fa ogun Òwu. Bí mo bá ní ọjà wọn ló dá ogun sílẹ̀, ìyàwó mi a ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ ṣáà ti gbà pé ọjà náà tóbi.”

Àwa ará Ìkirè, dódò ni wọ́n fi mọ̀ wá. Àwọn àgbà sọ pé ìyá arúgbó kan ni ọ̀gẹ̀dẹ̀ rẹ̀ pọ́n ju bó ti yẹ lọ, tí kò sì lè dà á nù nítorí kò ní òmíràn. Ó fi ata àti iyọ̀ sí i, ó dín in nínú epo pupa títí ó fi fẹ́ẹ́ dúdú. Bí a ti ń ṣe é títí di òní nìyẹn, tí a ń fi ewé dì í, tí àwọn ọlọ́kọ̀ tó ń gba ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀ sì ń dúró rà á. Ìyá mi ló kọ́ ìyàwó mi ní ọ̀nà rẹ̀ nígbà tí ó dé ilé wa ní 1984. Kí n má purọ́, ìgbà kan wà tí owó oṣù mi kò wọlé déédéé. Dódò ni a fi san owó ìdánwò WAEC àwọn ìbejì.

Nígbà tí ìgbéyàwó wa pé 40 ọdún ní 2024, àwọn ìbejì fi owó ránṣẹ́ láti Èkó. Wọ́n ní kí a má dáná, kí a má pe ẹnikẹ́ni, kí àwa méjèèjì lọ jẹun ní ilé oúnjẹ ńlá kan ní Ìbàdàn. N kò ní dárúkọ ibẹ̀.

Apòmù ni a ti gbéra lọ́jọ́ náà, nítorí ìyàwó mi fẹ́ kí ìyá rẹ̀ kọ́kọ́ súre fún wa. A gba Ìkirè kọjá, a kọjá Aṣéjìre, níbi tí wọ́n ti sé odò Ọ̀ṣun tí ará Ìbàdàn ń rí omi mu. Nígbà tí a rí Ilé Kòkó tó ní àjà 26, tí wọ́n parí ní 1965, ìyàwó mi dákẹ́ díẹ̀. Ó ní, “Bàbá mi gbin kòkó títí ó fi kú. Kò wọ ibẹ̀ yẹn rí.”

Ilé oúnjẹ náà tutù bí ìgbà ọyẹ́. Wọ́n fún wa ní ìwé oúnjẹ tó tóbi ju àtùpọ̀ ìwé kíláàsì lọ. Èmi tíṣà, n kò lè pe ìdajì orúkọ tó wà níbẹ̀. Ìyàwó mi kò wo orúkọ rárá, iye owó nìkan ló ń kà. Ní ìgbẹ̀yìn ó ní kí wọ́n fún òun ní ìrẹsì, ẹja àti dódò. Mo ní kí wọ́n fún mi ní àgùntàn sísun.

Tirẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ gbé dé. Wéré, ó ti àwo náà sí iwájú mi. Ọmọkùnrin tó gbé e wá rọra dá a padà. Ó ní, “Rárá o, Màmá, tiyín ni. Ti Bàbá ń bọ̀.”

Ìyàwó mi wo ọmọ náà, ó wò mí. Kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò fún 35 ọdún, ṣùgbọ́n n kò ṣe ìṣirò èyí rí: iye ìgbà tí obìnrin yìí ti bu oúnjẹ fún mi, tó bu fún ìyá mi, tó bu fún àwọn ọmọ àti àlejò, kó tó wá jókòó ti ìsàlẹ̀ ìkòkò. Tèmi pẹ́ púpọ̀ kí ó tó dé. Mo ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ jẹun.” N kì í bá a sọ̀rọ̀ báyẹn, ó bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó mú fọ́ọ̀kì.

Ẹyọ dódò mẹ́fà ni wọ́n tò sí etí àwo. Ó jẹ ọ̀kan, ó ronú, ó ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà kò tíì pọ́n tó. Nígbà tí ìwé owó dé, tí wọ́n ti fi owó orí ọjà sí i, náírà 7.50 lórí 100 kọ̀ọ̀kan, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka iye odidi ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí owó náà yóò rà. Mo bẹ̀ ẹ́ kó jẹ́ kí a máa lọ.

Ilẹ̀ ti ṣú nígbà tí a dé Ìkirè. Iná àwọn olódódò ń tàn lẹ́bàá ọ̀nà. Ó ní kí awakọ̀ dúró, ó bá ẹnìkan tí wọ́n jọ ń tà tẹ́lẹ̀ ṣàwàdà, ó ra ìdì méjì. Ó tú ọ̀kan, ó nà án sí mi. Mo ní kí òun kọ́kọ́ jẹ.