Ìsinmi Ọjọ́ Mẹ́ta Nídìí Odó

Bí àkókò ìsinmi bá dé, ẹlòmíràn a lọ wo òkun, ẹlòmíràn a gba ọ̀nà Dùbáì lọ. Àwa mọ́kànlá tí a jọ jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ yìí pinnu ní oṣù kẹjọ ọdún tó kọjá pé oúnjẹ ni a ó torí rẹ̀ rìn ní tiwa. A kúrò ní Adó ní kùtùkùtù, a gba Ìfàkì àti Ìdó kọjá, a sì wọ Ọ̀tùn-Èkìtì, olú-ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Mọ̀bà, kí oòrùn tó mú. Iṣu ni a bá lọ. Ohun tí a rí nídìí iṣu náà ni ó mú wa kọ̀wé yìí.

Àwọn àgbà ti to oúnjẹ ní ipò-ipò kí a tó dé ayé: iyán ni oúnjẹ, ọkà ni oògùn, àìrí rárá ni à ń jẹ ẹ̀kọ. Àwọn ará ìlú mìíràn a sì máa fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ Èkìtì lè jẹ ìrẹsì àwo méjì kí ó tún ní òun kò tíì jẹun láti àárọ̀. A kì í bá wọn jiyàn, iyán ni a ń jẹ.

Ilé ìyá ọ̀kan nínú wa ni a dé sí. Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. A kúnlẹ̀, a dọ̀bálẹ̀, ó kí wa káàbọ̀ tìdùnnú-tìdùnnú, ó sì béèrè pé: “Ẹ̀yin ọmọ mi, ta ni nínú yín ni yóò gún un?” Ilé pa lọ́lọ́. Olùkọ́ wà nínú wa, nọ́ọ̀sì wà, agbẹjọ́rò méjì wà, ṣùgbọ́n ìyẹ̀fun inú ọ̀rá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ń rò nílé, àwọn yòókù sì ní ẹ̀rọ ìgúnyán. Yèyé kò bá wa wí. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí a wá jókòó ti òun nídìí ààrò.

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Bí Yèyé ti ń bẹ iṣu, bẹ́ẹ̀ ni ó ń ya á sọ́tọ̀: ti orí lọ́tọ̀, ti ìdí lọ́tọ̀. Orí iṣu ni ó kọ́kọ́ gbó, ìdí ni ó gbó kẹ́yìn. Nítorí náà omi pọ̀ nínú ìdí, orí sì le. Orí ni Yèyé kọ́kọ́ kó sínú ìkòkò, ó jẹ́ kí ó hó díẹ̀ kí ó tó da ìdí lé e. Nígbà tí iṣu jinná, kò jẹ́ kí a kó gbogbo rẹ̀ síta lẹ́ẹ̀kan. Ó ń mú un díẹ̀díẹ̀, ó sì ń dé ìkòkò padà, nítorí iṣu tí ó bá ti tutù kí ọmọ odó tó kàn án ni í di kókó nínú iyán. Ọmọ odó mẹ́ta ni ó bọ́ sínú odó kan náà, tí ọ̀kan ń lọ sókè tí èkejì ń bọ̀ wálẹ̀, láìsí ẹni tí ó lu ọwọ́ ẹnì kejì. Àwọn ọmọ àdúgbò méjì àti nọ́ọ̀sì wa ni ó gún un. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Yèyé wọ́n omi gbígbóná sí i, nígbà tí ìró odó yí padà. Etí ni ó fi mọ̀ ọ́n. Kò tilẹ̀ wo inú odó.

Ọbẹ̀ ìsápá ni ó bá a lọ. Ẹni tí kò bá mọ ìsápá, ìbátan rẹ̀ pupa ni a fi ń ṣe sóbò. Funfun ni èyí. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n ti ká a, tí wọ́n sì sá a pamọ́. Yèyé bọ̀ ọ́, ó fún omi rẹ̀ dànù kí kíkan rẹ̀ lè dínkù, ó wá fi ẹ̀gúsí, irú àti ẹja gbígbẹ sè é. A kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ní alẹ́, ó fi ewùrà dín ọ̀jọ̀jọ̀ fún wa, ìyẹn náà kò pẹ́ nínú àwo.

Ní ọjọ́ kejì a lọ sí oko àbúrò ọkọ Yèyé, tí à ń pè ní Bàbá. Ó fi bí a ti ń wa iṣu àkọ́kọ́ hàn wá. Ó rọra tú ebè, ó gé iṣu náà kúrò, ó fi orí rẹ̀ sílẹ̀ lára ìtàkùn, ó sì kó yẹ̀pẹ̀ bò ó padà. Orí tí ó kù nínú ebè yìí ni yóò tún ta iṣu kéékèèké tí a ó fi ṣe èbù lọ́dún tí ń bọ̀. Ó tó nǹkan bí ìdámẹ́ta èrè oko iṣu tí kò gbọdọ̀ dé inú ìkòkò rárá, nítorí iṣu ni a fi ń gbin iṣu. Ẹni tí ebi mú jẹ èbù rẹ̀ ti jẹ oko rẹ̀.

Nígbà kan, ẹgbẹ̀rún méjì ebè ni Bàbá ń kọ lọ́dún. Èyí tí a rí kò tó irínwó. Agbẹjọ́rò wa kan sọ fún un nípa ọ̀nà tí àwọn onímọ̀ ní Umudike àti ní IITA ní Ìbàdàn fi ń gé odidi iṣu kan sí ègé wẹ́wẹ́, gíráàmù 25 péré ní ẹyọ kan, bí èèpo bá ṣáà ti wà lára ègé náà kí ó lè hù. Bàbá ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ó ní, “Ẹ ṣé, ọmọ mi. Èbù kọ́ ni kò sí. Ẹni tí yóò kọ ebè ni kò sí.” Ọmọ márùn-ún ni ó bí, kò sí ọ̀kan nílé. Orílẹ̀-èdè wa ni ó ń pèsè ju ìdajì gbogbo iṣu àgbáyé lọ, àmọ́ ọkùnrin ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni a bá nídìí ọkọ́ ní Ọ̀tùn.

Ọ̀kan nínú wa tí ó ti gbé ilẹ̀ Faransé rí ni ó sọ̀rọ̀ erékùṣù Kọ́síkà ní alẹ́ ọjọ́ náà. Igi kan ń bẹ níbẹ̀ tí à ń pè ní chestnut. Èso rẹ̀ jọ àsálà lójú, ṣùgbọ́n bí ànàmọ́ ni ó rí lẹ́nu. Ní 1584, àwọn ará Jẹ́nóà tí ń ṣàkóso erékùṣù náà pàṣẹ pé kí onílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa gbin igi eléso mẹ́rin lọ́dọọdún, chestnut sì wà lára wọn. Òun ni ó wá di oúnjẹ àwọn ará òkè. Wọn a yan án gbẹ lórí àjà lókè iná fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọn a lọ̀ ọ́ bí èlùbọ́, wọn a sì fi igi rò ó nínú ìkòkò bí a ti ń ro àmàlà. Òwú ni wọ́n fi ń gé e. Yèyé ní kí ó tún apá ibẹ̀ sọ.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ tí ń fa omi ìpawọ láti ara igi dé, wọ́n sì gé igbó chestnut lulẹ̀. Àrùn mú àwọn igi mìíràn. Ogun 1914 kó àwọn ọ̀dọ́ lọ, ọ̀pọ̀ kò padà. Lónìí, òfin ń dáàbò bo orúkọ ìyẹ̀fun náà láti 2006, àwọn àlejò sì ń rọ́ lọ sí ìlú Bocognano ní oṣù kejìlá lọ ra á ní ọjà ọdọọdún rẹ̀. Inú wa dùn fún wọn. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni wọ́n ń fi ra ohun tí àwọn ìyá wọn ń jẹ lófẹ̀ẹ́.

Ọjọ́ Ìsinmi ni ọjọ́ kẹta, a sì bá Yèyé lọ sí ilé Ọlọ́run. Ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ àti iṣu ti ní ìtàn nílẹ̀ yìí. Ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, nígbà tí àwọn ọmọ Èkìtì tí ogun ti kó lẹ́rú padà wálé pẹ̀lú Bíbélì, jíjẹ iṣu tuntun kí ọdún rẹ̀ tó pé wà lára ohun tí ó dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn onígbàgbọ́ àti àwọn ará ìlú. Ìkórè ni ó wá di ọdún iṣu tiwa. Yèyé rántí ìgbà tí wọ́n ń ru iṣu ńláńlá wọ inú ìjọ, tí ẹni tí iṣu rẹ̀ tóbi jù a sì máa yan bí ọba. Àpòòwé owó àti páálí indomie ni a ń gbé lọ nísinsìnyí. Olúwa kò kọ̀ ọ́, a mọ̀, ṣùgbọ́n a kò rí ẹni tí ń fi páálí yan.

Kí a tó kúrò, a bẹ Yèyé àti Bàbá pé kí wọ́n fún wa ní èbù fún oko ilé-ẹ̀kọ́ wa, èyí tí koríko ti bò láti ọdún púpọ̀. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ti yọ̀ǹda ilẹ̀ náà. A fẹ́ kí àwọn ọmọ gbin iṣu, kí wọ́n wà á, kí wọ́n sì gún un fúnra wọn, lọ́kùnrin lóbìnrin, kí etí wọn lè mọ ìgbà tí ìró odó bá yí padà. Bàbá ní kí a wá kó igba èbù bí ọyẹ́ bá dé. Ó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀: ta ni yóò kọ ebè? A gbé ìwé kan lé orí tábìlì níbi ìpàdé ẹgbẹ́ pé kí ẹni tí ó bá lè wá fún ọjọ́ méjì forúkọ sílẹ̀. Títí di ìgbà tí a ń kọ èyí, ènìyàn mẹ́ta ni ó ti kọ orúkọ. Nọ́ọ̀sì wa ni àkọ́kọ́.