Ọ̀nà Bantè Dé Etíkun Ouidah

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé kò bá dé oko baba ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti baba òun. Láti Bassila àti Manigri, a máa ń lọ sí Cotonou fún ọjà, fún iṣẹ́ ìjọba, tàbí láti kí ará ilé. Bí a bá ti ṣe ohun tí ó gbé wa lọ tán, a ó wọkọ̀ padà. Ní àkókò ìsinmi iléèwé kan, èmi àti ìyàwó mi pinnu láti ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ kí àwọn ọmọ lè rí àwọn ìlú èbúté àtijọ́. A sùn ní Cotonou, a sì wá amọ̀nà kan tí ó mọ ìtàn.

Àjàṣẹ́, tí àwọn Potogí sọ ní Porto-Novo, ni a kọ́kọ́ lọ. Mọ́ṣáláṣí ńlá àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ ya àwọn ọmọ lẹ́nu, nítorí ó jọ ṣọ́ọ̀ṣì, pẹ̀lú ilé gogoro méjì níwájú. Àwọn Àgùdà ni ó kọ́ ọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ìyẹn àwọn ìdílé tí ó ti oko ẹrú ní Brazil padà wá. Irú ilé tí wọ́n rí ní Bahia ni wọ́n fi ṣe àwòṣe. Àwa tí a ń bá Mùsùlùmí gbé àdúgbò kan, tí a jọ ń jẹ ẹran Iléyá àti oúnjẹ Kérésìmesì, inú wa dùn sí i.

Lọ́sàn-án, a dé Ouidah. Ọba Agaja ti Dahomey gba ìlú yìí ní 1727, òwò ẹrú sì gbilẹ̀ níbẹ̀. A gba ọ̀nà tí ó tó nǹkan bíi kìlómítà mẹ́rin láti inú ìlú dé etíkun, títí a fi dé Ẹnu Ọ̀nà Àìpadàbọ̀ tí wọ́n kọ́ ní 1995.

Ibẹ̀ ni ọmọ wa obìnrin ti béèrè pé, “Ẹ jọ̀wọ́ Bàbá, ta ni ó tà wọ́n?”

Ọmọ Fọ̀n ni amọ̀nà náà. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó ní, “Ọmọ mi, òyìnbó ni ó rà wọ́n. Àwọn baba ńlá tiwa wà lára àwọn tí ó tà wọ́n.”

Mo wá sọ ìtàn Kossola fún wọn. Ní 1860, ọkọ̀ Clotilda kó ènìyàn bíi 110 láti Ouidah lọ sí Alabama, bẹ́ẹ̀ ni òfin Amẹ́ríkà ti ka kíkó ẹrú wọlé léèwọ̀ láti 1808. Kossola, tí wọ́n sọ ní Cudjo Lewis, wà nínú wọn. Àwọn ọmọ ogun Dahomey ni ó kó ìlú rẹ̀, ìwádìí òpìtàn Sylviane Diouf sì tọ́ka sí agbègbè Bantè. Bantè tí ọkọ̀ wa kọjá lẹ́yìn Manigri nìyẹn! Nígbà tí wọ́n gba òmìnira ní 1865, wọn kò rí owó ọkọ̀ padà sílé. Wọ́n ra ilẹ̀, wọ́n sì tẹ Africatown dó. Kossola kú ní 1935. Ìwé tí Zora Neale Hurston kọ láti ẹnu rẹ̀ jáde ní 2018.

Bí mo ti sọ̀rọ̀ tán, ọmọkùnrin wa fa ọwọ́ rẹ̀ yọ kúrò lọ́wọ́ amọ̀nà. Gbogbo wa rí i. Ojú tì mí, àánú ọmọ náà sì ṣe mí.

Ìyàwó mi kò bá a wí. Nígbà tí a dé iwájú Basílíkà, ó ní kí ó jókòó. Ó sọ fún un pé ní January 1861, àwọn àlùfáà mẹ́ta wọkọ̀ ní Toulon, èbúté kan ní ilẹ̀ Faransé. Fadá Edde kú ní Freetown. Fadá Borghero àti Fadá Fernandez gúnlẹ̀ sí Ouidah ní ọjọ́ 18 oṣù April, nígbà tí òwò ẹrú kò tíì tán níbẹ̀. Inú odi tí àwọn Potogí kọ́ ní 1721 fún òwò náà ni wọ́n gbé, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń rú ẹbọ Mísà. Ó ní, “Etíkun kan náà ni. Ohun tí ènìyàn bá gbé gba ibẹ̀ ni a ó bi í. Bàbá yìí kò ta ẹnikẹ́ni. Òtítọ́ ni ó sọ fún ọ, bí ó tilẹ̀ le fún un láti sọ.”

Ọmọ náà kò fèsì. Ṣùgbọ́n nígbà tí amọ̀nà ra omi tútù fún wa, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, ó ní, “Ẹ ṣé, Bàbá.”

Ẹ̀yin òbí, bí agbára bá wà, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ. Bí kò bá sí, ẹ lọ jókòó ti àwọn àgbà ní Manigri àti Bassila, kí ẹ bi wọ́n léèrè ogun tí ó kó ilé wọn àti àwọn tí kò padà bọ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má ṣe fi ìkórìíra kún un, ẹ má sì ṣe yọ òtítọ́ kúrò níbẹ̀. Bí a bá sì ń gbàdúrà fún àwọn òkú wa, ẹ jẹ́ kí a máa rántí àwọn tí a kò mọ ibi tí a sin wọ́n sí.