Okùn Kámẹ́rà àti Ọ̀já Ìyá Mi

Ní ọjọ́ Sátidé kan ní Ìbàdàn, níbi ìdáná kan tí wọ́n gbà mí sí láti ya fọ́tò, ìyàwó kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ fún àdúrà. Alága ìjókòó ti ní kí àwọn onílù sinmi. Bàbá gbé ọwọ́ lé ọmọ wọn lórí, wọ́n la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹkún kò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ jáde. Àga kan dí mi lójú. Mo fi kámẹ́rà sílẹ̀ fún okùn tí ó fi kọ́ mi lọ́rùn, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì sún àga náà sí ẹ̀gbẹ́. Gbì ni mo gbọ́. Okùn ti yọ nínú ìdè rẹ̀, kámẹ́rà sì ti wà nílẹ̀.

Ọlọ́run yọ kámẹ́rà fúnra rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́ǹsì fọ́. Kí n tó yọ òmíràn nínú àpò, bàbá ti nu ojú wọn tán. Àwọn ẹbí rí ìdààmú mi, wọ́n sì bẹ bàbá kí wọ́n tún àdúrà náà ṣe nítorí fọ́tò. Bàbá tún un ṣe tìfẹ́tìfẹ́, wọ́n tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi. Àwòrán yẹn mọ́lẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n omijé ti gbẹ. Oṣù mẹ́rin ni mo fi san owó lẹ́ǹsì tuntun. Ní ti àwòrán tí mo pàdánù, n kò tíì rí ọjà tí wọ́n ti ń tà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo gbé okùn náà sábẹ́ iná. Kò já. Ẹ̀bi mi ni: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo ti etí rẹ̀ bọ inú ìdè oníke, n kò dá a padà kí ó lè há mọ́ ara rẹ̀. Láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ni ìwọ̀n kámẹ́rà ń fà á jáde díẹ̀díẹ̀, tí n kò sì wò ó. Ṣé mo tilẹ̀ yan okùn náà dáadáa? Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò fẹ̀ ju ìka kan lọ. Ohun tí ó mú mi rà á ni pé àwọ̀ rẹ̀ bá bàtà mi mu.

Àwọn àgbà ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó. Ọrùn mi ti ń kìlọ̀ fún mi tipẹ́. Kámẹ́rà Nikon D750 tí mo ń lò wọ̀n tó nǹkan bí giramu 840 pẹ̀lú bátìrì rẹ̀; lẹ́ǹsì 70-200mm tí mo fi ń ya ojú ènìyàn láti ọ̀nà jíjìn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù 1.5. Àpapọ̀ wọn lé ní kìlógíráàmù 2. Ẹni tí ó bá gbé e lọ́wọ́ fún ìṣẹ́jú kan yóò ní kò wúwo. Ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́ ọrùn láti aago mẹ́jọ òwúrọ̀ títí di ìgbà tí wọ́n bá ń kó àga. Bí ó bá di ọjọ́ Àìkú, n kì í lè yí ọrùn wo ẹ̀yìn.

Ìyá mi ni ó là mí lójú. Wọ́n wá kí wa ní ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n sì bá mi níbi tí mo ti ń fi ìkánjú pọn ọmọ mi obìnrin, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé oṣù mẹ́wàá.

“Tẹ́ ọ̀já yẹn, má jẹ́ kí ó ká jọ bí okùn,” ni wọ́n wí. “Aṣọ ni ó ń gbé ìdí ọmọ, ọ̀já ni ó ń dì í mú. Bí ó bá fẹ̀, ara rẹ yóò gbà á. Bí ó bá ká jọ, yóò máa gé ìwọ àti ọmọ.”

Ibẹ̀ ni ojú wọn ti bọ́ sára okùn kámẹ́rà tí mo fi kọ́ ìṣó lára ògiri. Wọ́n fi ìka méjì mú un.

“Èyí ni o fi ń pọn iṣẹ́ tí o fi ń jẹun?”

N kò rí èsì fọ̀. Ọmọ mi wúwo ju kámẹ́rà àti lẹ́ǹsì rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́ta, síbẹ̀ mo ń pọ̀n ọ́n yí ọjà Bódìjà ká láìsí pé ẹ̀yìn ń ro mí.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń yan okùn kámẹ́rà bí ẹni ń yan ọ̀já. Fífẹ̀ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò: níbi tí yóò ti jókòó lé èjìká, kí ó tó sẹ̀ǹtímítà 4 tàbí 5, kí ìwọ̀n ẹrù lè tàn káàkiri. Kí tìmùtìmù díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má jẹ́ rọ́bà tí ń nà jù. Irú rọ́bà bẹ́ẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹrù fúyẹ́ lára, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti ń rìn ni kámẹ́rà yóò máa jó. Mo fi ọrùn sílẹ̀ pátápátá. Èyí tí ó gba èjìká òsì kọjá sí ìbàdí ọ̀tún ni mo ń lò: ọwọ́ mi ṣófo, jàgùdà kò sì lè já a gbà wẹ́rẹ́ láàárín èrò.

Ẹ wo ìdè rẹ̀ ju ẹwà rẹ̀ lọ. Ibi tí wọ́n ti rán okùn mọ́ ìdè gbọ́dọ̀ ní ojú abẹ́rẹ́ tí ó yí ká bí àpótí, tí òmíràn sì dábùú rẹ̀ láàárín. Èyí tí a ń yí bọ ihò abẹ́ kámẹ́rà lè tú díẹ̀díẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá ń pààrọ̀ bátìrì ni mo ń fi ọwọ́ dán an wò, mo sì fi okùn kékeré kan so kámẹ́rà mọ́ ọn bí ẹ̀rí kejì. Bí lẹ́ǹsì bá gùn tí ó sì ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, ẹsẹ̀ náà ni kí ẹ so okùn mọ́, kí gbogbo ìwọ̀n lẹ́ǹsì má baà máa fa ẹnu kámẹ́rà.

Ẹ rántí aṣọ yín pẹ̀lú. Irin tí etí rẹ̀ mú yóò fa léèsì ya, awọ tí wọ́n pa láró sì lè ṣí sára búbá funfun bí òógùn bá dé. Aṣọ ìnujú funfun tí a rẹ sómi ni mo fi ń nu awọ wò kí n tó sanwó. Ẹ gbé kámẹ́rà yín dání lọ sọ́jà. Ẹ kọ́ ọ, ẹ bẹ̀rẹ̀, ẹ rìn, ẹ gbé e sójú. Bí ẹ bá délé, ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ fa okùn náà dáadáa. Bí yóò bá já, kí ó já sórí tìmùtìmù.

Okùn tí mo ń lò báyìí dúdú, ó fẹ̀, kò sì bá bàtà kankan mu. Ní oṣù tí ó kọjá, níbi ìdáná kan ní Abẹ́òkúta, ìyá ìyàwó bú sẹ́kún lójijì. Ní ìṣẹ́jú náà gan-an ni ọmọdé kan kọsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo jọ̀wọ́ kámẹ́rà, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọmọ náà mú, mo sì gbé e nàró. Kámẹ́rà wà ní ìbàdí mi níbi tí mo fi í sí. Mo gbé e sójú. Omijé náà kò tíì gbẹ.